Bí Mo Ṣe Pa Kọ́ńbò Ìjọ Lẹ́nu Mọ́

Kíkùn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá rántí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá. Kì í ṣe kíkùn àwọn ará ìjọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà kò wọ́n. Kọ́ńbò ni mò ń sọ, àpótí dúdú ńlá tí a máa ń so gìtá mọ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Bí wọ́n bá ti tan án báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn gìtá, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùn-ùn bí oyin inú igi, kò sì ní dákẹ́ títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Èmi ni mò ń ta gìtá fún ìjọ, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kíkùn yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí gbogbo ayé tíì mọ̀ mí.

Ìyá Akọrin ló ń dá orin. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sí orin ìjọ wa tí kò sí lórí ahọ́n rẹ̀. Òun ló kọ́ mi lórin kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gìtá. Ní ìjọ tiwa, ohun èlò kì í ṣáájú orin. Ẹni tó ń dá orin ni yóò kọ́kọ́ la ẹnu, onígìtá àti onídùùrù á wá máa sáré wá ibi tó gbé ohùn sí, bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó já. Ẹ̀gbẹ́ kọ́ńbò yẹn gan-an ni ìyá máa ń dúró sí, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún ló ṣe ń fara tì í. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kó là mí lójú. Ohùn tó fi ń dá orin kì í yẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àfi ọjọ́ tí kò bá sí iná ìjọba tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, orin rẹ̀ á ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi á sì máa tún okùn fà, màá máa ráhùn lábẹ́lẹ̀ pé arúgbó ti ń ṣìnà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ Ìyá Akọrin dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Alàgbà tó jẹ́ alága wọn ní ìyá ti dàgbà, ó yẹ kó sinmi, kí a fi ọ̀dọ́ kan tó kàwé orin rọ́pò rẹ̀. Pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ ìkórè. Bí ìyá bá dá orin ọjọ́ náà tó dára, kí ẹnikẹ́ni má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Inú bí mi gan-an nígbà tí mo gbọ́, nítorí mo fẹ́ràn ìyá yẹn bí ìyá tó bí mi. Mo wá pinnu láti ràn án lọ́wọ́. N ó tún inú kọ́ńbò ṣe, kíkùn á lọ, ohùn gìtá á mọ́ gaara, orin ìyá á sì yọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò rán mi níṣẹ́. Èmi náà kò sì bi í.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, mo sì ti ń pe ara mi ní ẹnjiníà. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe. Bàbá ṣàlàyé pé àwọn kapásítọ̀ inú kọ́ńbò ti gbó, ìyẹn àwọn nǹkan róbótó bí àgólò kékeré tó máa ń gba iná dúró kó lè máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbígbó tí wọ́n gbó ni iná fi ń ráyè wọnú ohùn, tí àpótí fi ń kùn. Ó ta tuntun tó jọjú fún mi, ó fi sípíkà tuntun kún un. Ó kìlọ̀ pé bí mo bá tiẹ̀ yọ wáyà kúrò lára iná, iná díẹ̀ ṣì máa ń kù sínú àwọn àgólò yẹn. Mo ní mo mọ̀. Ìgbà tí mò ń jáde lọ ló wá bi mí pé, “Àwọn tó ń lò ó, ṣé wọ́n ní kíkùn rẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bàbá arúgbó ò mọ ohun tí à ń pè ní ohùn.

Ọ̀sán Sátidé tí ìkórè ku ọ̀la ni mo gbé kọ́ńbò wálé, tí mo tú u palẹ̀ nínú yàrá mi. Iná tí mo ní mo mọ̀ yẹn gbé mi lu ilẹ̀kùn. Ìyá mi sáré wọlé, ó bá mi ní ìjókòó nílẹ̀, tí mo di irin tí a fi ń jó òjé mú bí ẹni di idà mú, ó sì bi mí bóyá iṣẹ́ Olúwa náà nìyẹn. N kò ṣíwọ́. Mo yọ àwọn àtijọ́, mo jó òjé mọ́ àwọn tuntun, mo pààrọ̀ sípíkà. Nígbà tí mo tan án, kò sọ nǹkan kan. Mo ta okùn kan, ohùn náà mọ́, ó kún, ó wọ̀ mí dé eegun. Omi bọ́ lójú mi. Láti Ìlá Ọ̀ràngún dé òpin ilẹ̀ Ìgbómìnà, n kò rò pé ọlọ́gbọ́n kankan tún kù lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ ìkórè pé. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo kún iwájú pẹpẹ, àlejò wá láti Ọ̀rà àti Ire. Ìyá Akọrin dìde, ó lọ síbi tó máa ń dúró sí, ó fọwọ́ lé kọ́ńbò. Ó dúró. Ó dẹ etí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì lé e. Èmi ń rẹ́rìn-ín sí i pé kó máa bá a lọ. Nígbà tó la ẹnu, ibi tó gbé orin náà sí ga débi pé kó tó dé ìlà kẹta, àwọn obìnrin ti ń wúkọ́, àwọn ọkùnrin ti ń wo ilẹ̀. Orin kú sí wa lẹ́nu. Alàgbà wo àwọn ìgbìmọ̀ yòókù, wọ́n sì mi orí síra wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, kọ́ńbò ni mo pa lẹ́nu mọ́, ti Ìyá Akọrin ló bá a dákẹ́.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí mi. “Ọmọ mi, ṣé wọn ò tan nǹkan yìí ni? N ò gbóhùn rẹ̀.”

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún tí wọ́n ti ra kọ́ńbò, inú kíkùn rẹ̀ ni ìyá ti ń mú ohùn. Jẹnẹrétọ̀ wa máa ń sáré ju iná ìjọba lọ, kíkùn á ga, orin ìyá á sì bá a ga. Kò ṣìnà rí. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí n wọnú àpótí náà lọ. Ṣùgbọ́n mo ti kórìíra kíkùn yẹn pẹ́ débi pé mo mọ ohùn rẹ̀ ju orúkọ mi lọ. Mo wá a lórí okùn tó nípọn jù lọ, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì ń ta á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, n kò jẹ́ kó dákẹ́. Alàgbà fajú ro, torí ohun èlò kì í ṣáájú orin. N kò wò ó. Ìyá gbé orí sókè. Ó la ẹnu, orin sì bọ́ síbi tó ti máa ń wà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Gbogbo ilé dìde. Nígbà tó di ẹsẹ̀ kejì, Alàgbà ti ń jó, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sáàárín iṣu. Ìgbìmọ̀ kò sọ̀rọ̀ ìsinmi ìyá mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo jẹ́wọ́, mo ní n ó dá àwọn àgólò àtijọ́ padà síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú.

Ó ní, “Má dá nǹkan kan padà. Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́, ìwọ náà ni kí o máa kùn.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di kíkùn ìjọ wa. Èmi tí mo fẹ́ kí ayé gbọ́ gìtá mi, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ta okùn kan ṣoṣo lọ́jọ́ Ìsinmi kí ìyá tó la ẹnu, ó sì dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn ènìyàn rò pé àṣà tuntun ni mo gbé dé.

Òṣogbo ni mo wà báyìí, iṣẹ́ títún kọ́ńbò ṣe ni mò ń ṣe jẹ. Mo máa ń bi oníbàárà léèrè ẹni tó ń lò ó kí n tó tú u. Ìyá Akọrin ti lọ sinmi, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Bí mo bá parí iṣẹ́ lórí kọ́ńbò kan, okùn tó nípọn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, màá sì dúró díẹ̀. Oníbàárà á bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Irọ́ tí mo máa ń pa fún un ni pé mò ń wò ó bóyá ó máa gbóná.