Ìgbà Tí Ohùn Ijora Ṣáájú Ọ̀gá

Òórùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Gáàsì tí wọ́n fi ń mú yàrá yìnyín tutù kì í rọra wọlé bí èéfín. Ṣe ló máa ń gbá ènìyàn lójú lẹ́ẹ̀kan náà, omi á bọ́ lójú, ọ̀fun á dí. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ló bá imú, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ilé ẹja dídì kan ní Ijora ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọdún díẹ̀ kí fóònù alágbèéká tó dé ọwọ́ wa. Èmi àti àwọn alábàárù la jọ ń to páálí ẹja nínú yàrá yìnyín. Ilẹ̀kùn yàrá náà nípọn débi pé ẹni tó bá ń pariwo níta, ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi fóònù kọ́ ara ògiri inú yàrá náà fún wa. Olú iléeṣẹ́ wà ní Yaba, lẹ́yìn Sábó, òpó gíga kan sì wà lórí òrùlé níbẹ̀ tó kọjú sí òpó tiwa. Rédíò orí òpó méjèèjì ló ń gbé ohùn wa, òun náà ló sì ń gbé gbogbo ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà bá ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń pín ìpè wà ní Yaba. Bí ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀rọ gáàsì lọ́dọ̀ wa bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, tí àgbàlá kan péré sì wà láàárín wa, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí Yaba kó tó padà wá bá wa ní Ijora. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, fóònù dún, mo sì gbé e. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló ń pè. Ohùn rẹ̀ já, ó tún já, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé òkèlè ẹnu yín mì ná!” Mo gbé fóònù sílẹ̀, inú mi dùn sí àwàdà ara mi. Kò pẹ́ tí gáàsì wọlé: páìpù kan ló ti já, ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń pè láti sọ nìyẹn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè títí tí kò rí ẹni dáhùn mọ́, ó fi aṣọ tútù dí imú, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọ́ wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n n kò lè wo ilẹ̀kùn yẹn mọ́ kí àyà mi má já.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. Bí ara mi ṣe yá ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi kúrò ní Ijora. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ní kí n wá máa tọ́jú wáyà ní Yaba. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó gé ohùn Ẹ̀gbọ́n. Bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ parí, àwọn tó ń ta ẹja ní Ijora á fi ìṣirò ọjà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Àǹtí, obìnrin tó jẹ́ olórí ìṣirò wa. Ọ̀nà rédíò náà tóóró. Ìṣirò á kún un dẹ́nu, ohùn á máa dúró de ààyè. Ìṣirò lè dúró kó sì dé láìyingin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá dúró lójú ọ̀nà ti di ègé.

Láìpẹ́, wọ́n ra súìṣì tuntun, ọ̀kan fún Yaba, ọ̀kan fún Ijora. Àpótí pẹlẹbẹ tí gbogbo wáyà ń pàdé nínú rẹ̀ ni. Ẹni tó tà á ló lọ gbé ti Ijora kọ́, nítorí n kò lè débẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé a lè fún ihò wáyà kọ̀ọ̀kan ní ipò, kí ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé máa ṣáájú tàbí kó dúró sẹ́yìn. “Ẹ̀yin lẹ máa sọ ẹni tó ṣáájú fún un,” ó ní. “Òun ò mọ ẹnì kankan.”

Mo rò pé wàhálà ti tán. Mo gbàgbé pé ilé Yorùbá ni mo wà. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń gbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó bí àgbà ṣe ju àgbà lọ. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá àgbà, tí a ń pè ní Bàbá, ló gba ipò kìíní, ti Àǹtí tẹ̀ lé e. Fóònù Ijora wà nísàlẹ̀ pátápátá.

“Ṣé alábàárù ló máa wá ṣáájú Bàbá wọlé ni?” Àǹtí béèrè. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi tí gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ to súìṣì Yaba bí wọ́n ṣe wí.

Ẹ̀gbọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí kọ̀ǹpútà Bàbá ti gba ọ̀nà. Ó tó ìgbà mélòó kan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi. “Àbúrò, kí lẹ ṣe sí fóònù yìí? Tẹ́lẹ̀, ọ̀sán nìkan ló ń jẹ wá lọ́rọ̀. Ní báyìí ó ti ń jẹun àárọ̀! Ṣé kí n máa ti Ijora pariwo dé Yaba ni?” Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ páìpù gáàsì ló dúró sí.

Mo wọlé tọ Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n fi fóònù Ijora ṣáájú.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ṣáájú ta?”

“Ṣáájú yín, sà.”

Àǹtí, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàtẹ́wọ́. “Háà! Ọmọ yìí ti mu nǹkan!”

N kò dìde. “Bàbá, nínú ilé tí mo ń gbé ní Mushin, gbogbo wa la máa ń to garawa sídìí ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní omi ìkókó ni, onílé fúnra rẹ̀ á fa garawa tirẹ̀ sẹ́yìn. Kò sì sọ pé òun kì í ṣe onílé mọ́. Iṣẹ́ tiyín lè dúró díẹ̀, sà. Ẹni tó ń pariwo gáàsì kò lè dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà…”

“…kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Bàbá ló parí rẹ̀. Ó wo Àǹtí. “Ṣé ìṣirò tìrẹ lè dúró?”

“Bó bá ṣáà ti máa dé, sà.”

“Dìde,” ó wí fún mi. “Lọ fi mí sẹ́yìn.”

Ti Yaba kò le. Ti Ijora ló le, nítorí pé ẹni tó bá máa to súìṣì náà gbọ́dọ̀ jókòó tì í, ẹ̀gbẹ́ yàrá ẹ̀rọ ló sì wà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kígbe pé, “Àlejò Yaba! Àbí kí n pọ̀n ọ́?” Kò dúró de èsì, ó mú mi lọ́wọ́ wọlé. Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo gbé ihò fóònù sókè pátápátá, mo fi ti ìṣirò sísàlẹ̀, mo sì ní kí àpótí náà fi í pamọ́ kí iná má baà lọ kó gbàgbé. Bí mo ṣe ṣe tán ni iná lọ lóòótọ́. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé e padà, kò gbàgbé nǹkan kan. Mo bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Nígbà òjò, ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kan, páìpù kan tún já. Yaba ni mo wà, ìṣirò ọjà ń wọlé lọ́wọ́. Fóònù tábìlì mi dún, ohùn Ẹ̀gbọ́n sì mọ́ gaara.

“Àbúrò, gáàsì já! Gbogbo wọn ti jáde o! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ sí wọn, wọ́n gbọ́!”

Mo gbé fóònù náà sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́ ariwo àwọn alábàárù lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí dìde, ó ń nu ojú. “Ìṣirò mi ò tíì dé tán o,” ó wí. “Kó máa rọra bọ̀, jàre.”

Ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí: bí mo bá wọ ilé tí n kò dé rí, ibi tí mo máa gbà jáde ni mo kọ́kọ́ ń wò, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N kì í bá wọn jiyàn. Kì í ṣe ìgboyà ló mú mi padà sí Ijora, ẹ̀rù náà ni, nítorí mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ju ẹnikẹ́ni tó wà ní ìpàdé lọ. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ orin tó dùn tó ariwo àwọn ọkùnrin náà, tí wọ́n dúró síta nínú òjò, tí ara gbogbo wọn pé, tí wọ́n ń bú gáàsì.