Ìwọ̀n Ìyá Mi Nínú Bàálù

Bàálù tí mo ń wà nígbà náà kò kúrò nínú kọ̀ǹpútà rí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bọ̀wọ̀ fún mi lásán. Rédíò àti fáànù ni mo ń tún ṣe ní àdúgbò Kouloundè, ní Sokodé, ìwé tí mo kà kò sì ju èyí tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi lọ. Oníṣòwò kan, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìsọ̀ lọ́jà, ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó ní kí n máa lo ògbólógbòó rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti bá eré tí ènìyàn fi ń wa bàálù láìdìde lórí àga.

Eré náà ní bàálù tirẹ̀, àmọ́ àwọn kan káàkiri ayé máa ń kan òmíràn kún un, wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gba ọ̀kan ní sáìbà, ilé tí a ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi dísìkì gbé e wálé: oníjókòó mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì méjì. Ẹni tó kàn án kò kàn án dáadáa. Bí mo bá fi balẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku, á máa ta bí òbúkọ tí oyin ta. Ìgbà tó yá ni mo rí fáìlì kan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán, tí ènìyàn lè ṣí kó sì yí padà: bí táyà ṣe le tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, ìwọ̀n ẹni tó jókòó sí àga kọ̀ọ̀kan.

Lásìkò yẹn, ìyá mi ń ṣàìsàn ní Kambolé, ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ ọjà Tchamba ló máa ń ti ibẹ̀ pè mí, sí kábíìnì tẹlifóònù tó wà nítòsí ilé mi.

“Ìyá ní àwọn kò ní í wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù Sokodé àfi bí ìwọ bá wá mú wọn. Wọ́n ní obìnrin tó bí ọkùnrin kì í dá jáde nílé ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé.”

“Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀.”

“Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Nígbà wo?”

“Bí ọ̀nà bá dára, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Àwọn èrò tó ń ti Sokodé wá ná ọjà yìí, ṣé ojú ọ̀run ni wọ́n ń gbà?”

Àwàdà ló fà á tí n kò fi lè lọ. Ní ìsọ̀ tíì kan ní àdúgbò Komah, mo ti sọ pé ọ̀gá wa tó ń ṣèjọba ti pẹ́ lórí àga débi pé àga náà ti ta gbòǹgbò. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ife wọn. Télọ̀ kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn sójà tó dínà lójú ọ̀nà Tchamba fa télọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. A kò rí i mọ́. Bóyá nítorí ẹ̀rín ni, bóyá nítorí nǹkan mìíràn ni, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Èmi ronú pé bí wọ́n bá mú ẹni tó rẹ́rìn-ín, kí ni wọn yóò fi aláwàdà ṣe? Láti ọjọ́ náà, mi ò kúrò ní Sokodé mọ́. Kódà bí mo bá fẹ́ wọ ilé ìwẹ̀, mo ń bojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run yẹn kò kúrò lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa bàálù lọ sí Kambolé. Kò sí Kambolé nínú eré náà o, ewéko lásán ni. Bí mo bá ti kọjá ibi tí mo rò pé Tchamba wà, mo ń ka ìṣẹ́jú, mo ń sọ fún ara mi pé ibí ni. Mo fi ìyá mi sí àga tó wà lẹ́yìn mi, mo kọ ọgọ́ta sí ìwọ̀n wọn nínú fáìlì.

Aládùúgbò mi, olùkọ́ kan, ọmọ ẹ̀yà Tem, tó ti fẹ̀yìn tì, yọjú wò ó.

“Kápítéènì, kì í ṣe kílò ni wọ́n ń lò níbí, pọ́n-ùn ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lo gbé yìí.”

A rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ di àádóje. Bàálù náà wúwo nídìí, ó fìdí balẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá wa ń dédé bọ́ sílẹ̀. Mo délé, mo ṣí fáìlì, mo kọ àádọ́fà. Lẹ́yìn náà, ó ní òun nìkan lòun ń gbé wọn lọ wẹ̀. Mo kọ àádọ́rùn-ún. Ohun tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí: bí ìyá mi ṣe ń rù ni bàálù mi ń fò dáadáa sí i.

“Ó balẹ̀ jẹ́ẹ́!” ni olùkọ́ wí. “Ó kù kí o lọ wàyí.”

“Lọ síbo?”

“Ìwọ ọkùnrin yìí! Kambolé dà?”

“Táyà ló kù díẹ̀, mèsíyè olùkọ́. Mo fẹ́ kó rọ̀ sí i.”

Ó wò mí, kò tún pè mí ní kápítéènì mọ́.

Ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, wọ́n ní kí n sáré wá sí kábíìnì láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè: “Ìyá kò mu omi mọ́. Bí o bá fẹ́ bá wọn láyé, òní ni.” Mo délé, mo wọ bàtà, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ti kírun ọ̀sán tán kí n tó gun ọ̀kadà.

A dé ibi tí àwọn sójà dínà. Sójà kan gba káàdì ìdánimọ̀ mi.

“Níbo?”

“Kambolé.”

“Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

“Ìyá mi ni…”

Ó ti dá káàdì padà. “Kambolé, ibi iṣu dáadáa. Bí o bá ń bọ̀, mú díẹ̀ wá fún mi.” Ó yíjú sí obìnrin kan tó gbé ẹyẹ ẹtù nínú agbọ̀n. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé, àwọn ọkùnrin ilé wa jókòó sórí ẹní, eruku sàréè ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá mi ti kú kí ẹ̀gbọ́n mi tó ti ibi tó ti pè mí padà délé, wọ́n sì ti sin wọ́n lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Òkú tiwa kì í dúró de arìnrìn-àjò. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n bi mí léèrè ọ̀nà bí a ṣe máa ń bi gbogbo àlejò.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. “Àwọn sójà dá ọ dúró?”

“Wọ́n dá mi dúró.”

“Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?”

Mo wá irọ́ tí mo lè pa, n kò rí i.

“Wọ́n ní kí n mú iṣu bọ̀.”

“Iṣu nìkan?”

“Iṣu nìkan, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Iṣu kò wọ́n wa níbí.” Ó wọ inú abà lọ, ó ṣa ńláńlá méjì, ó fi okùn so wọ́n pọ̀, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà, ó padà lọ jókòó ti àwọn obìnrin.