Ọ̀nà Tí Màmá Òdìkejì Dá Rìn

Ẹ̀wà tútù ń já bọ́ sínú abọ́ irin, kó, kó, kó. Èmi àti Màmá Òdìkejì, tí ilé wọn wà ní òdìkejì títì sí tiwa, jókòó sí fàráńdà wọn ní ìlú Fairburn, ní Georgia, à ń bó èèpo ẹ̀wà, òórùn búrẹ́dì àgbàdo sì ń ta sánsán láti inú kíṣìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti ilé-ìwé mi yà wọ inú ọgbà. Ọmọbìnrin gíga kan ló ṣáájú.

"Mà, a fẹ́ rin ọ̀nà tí ẹ gbà lọ sí ilé-ìwé wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A fẹ́ fi bu ọlá fún yín. A máa wá mọ́tò tí ẹ máa jókòó sí, kí ẹ máa juwọ́ sí wa."

Ọwọ́ Màmá dúró sínú ẹ̀wà. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, a sì gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn, tí ń ṣàn. Nígbà tí Màmá padà jáde, ojú wọn ti pọ́n.

"Mi ò tẹ ọ̀nà yẹn mọ́ láti ìgbà tí mo ti parí ìwé mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá máa lọ, mi ò ní jókòó sínú mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni mo fi lọ."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ o, Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà Georgia tó máa ń fà bí oyin. Yorùbá ni mo fi ń rántí wọn, nítorí àwọn àti ìyá mi ni wọ́n jọ tọ́ mi, ohùn àwọn méjèèjì sì ti dà pọ̀ nínú mi. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ilé Màmá Òdìkejì ni mo sì máa ń wà tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé bá ti já mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn, Màmá pariwo, wọ́n sáré wá gbé ìyá mi dìde. Wọ́n rò pé ìyá mi ṣubú ni.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ ìtàn wọn fún mi, láàárín iṣẹ́ ilé. Wọ́n á máa lọ aṣọ, ooru á máa rú sókè, wọ́n á sọ díẹ̀, wọ́n á tún mú aṣọ mìíràn. Ọmọdé bíi tèmi ni wọ́n nígbà tí ìjọba ní kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun máa jọ kàwé. Màmá ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ sí ilé-ìwé àwọn funfun. Bàbá wọn mú wọn lọ́wọ́ dání títí dé ojú irin rélùwéè, àwọn ọlọ́pàá sì ní bàbá ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe dá kọjá nìyẹn, láàárín àwọn àgbàlagbà tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń bú u, tí wọ́n ń tutọ́ sí i lára.

"Mi ò sunkún níwájú wọn," Màmá wí, wọ́n yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì padà. "Mo gbé ẹkún mi délé."

Nígbà tí Màmá gbà láti rìn, ìyá mi ò fẹ́ kí n bá wọn lọ sí ìrìn náà. "Ẹ má bínú, Mà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbí ni. Ibi tí ariwo bá lè wà, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi débẹ̀."

"Ohun tí ìyá tèmi náà sọ nìyẹn," Màmá Òdìkejì dáhùn. "Wọn ò sì parọ́, ariwo wà níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ yìí dì mí lọ́wọ́ mú ni. Orúnkún mi ò gbọ́ràn mọ́."

Nígbà tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sùn, wọ́n fọ bàtà kánfáàsì mi, wọ́n sá a sí oòrùn.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la ń rìn yí àdúgbò ká kí orúnkún Màmá lè le. Wọ́n á fi ìpara tó ń ta bí ata ra á, a ó sì jáde. Nígbà mìíràn wọ́n á dúró, wọ́n á di ògiri ẹnìkan mú. Tí mo bá ní ká padà sílé, wọ́n á ní, "Ká dé ọ̀dọ̀ igi yẹn ná."

Òjò ló bá wa jí lọ́jọ́ ìrìn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní bóyá ká sún un síwájú. Màmá ṣí agboòrùn wọn. "Àwọn èèyàn yẹn ò dá mi padà. Ṣé òjò ni?" Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà, gbogbo wa tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó kọrin, bí Màmá ṣe fẹ́ nìyẹn. Ìró bàtà nínú omi nìkan là ń gbọ́, àti ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rọra kọjá.

Nígbà tí a dé ojú irin, Màmá tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ibí ni bàbá mi dúró sí. Láti ibí lọ, èmi nìkan ni."

Ọmọbìnrin gíga yẹn na ọwọ́ sókè, gbogbo èrò dúró. Màmá dá kọjá irin náà, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, ọmọbìnrin náà dì mí léjìká mú. Màmá rìn, wọ́n rìn, wọ́n wá dúró, wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Mo rò pé orúnkún ti kọṣẹ́.

Ni wọ́n bá yíjú padà.

"Kí lẹ dúró ń wò?" ni wọ́n kígbe. "Mo ti dá a rìn lẹ́ẹ̀kan, ó tó! Ẹ máa bọ̀!"

Eré la sá. Bí mo ṣe di ọwọ́ Màmá mú, ẹnìkan ti di ọwọ́ kejì mú. Ìyá mi ni, nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, tí òjò ti pa. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá tààrà. "Ẹ fara tì mí, Mà," ni wọ́n wí. Bí a ṣe jọ gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé náà nìyẹn. Màmá wo àtẹ̀gùn náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Mo rò pé ó ga ju báyìí lọ."

Wọ́n ti sùn oorun àìjí báyìí, Màmá Òdìkejì. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà èwe mi, mo rò pé dídá rìn ni ìwà akíkanjú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láti dá rìn kì í pe ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Màmá yíjú padà, wọ́n pè wá.

Èmi náà ti di nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Stockbridge. Tí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo máa ń rí i bó ṣe ń wo ilé ńlá náà, tó rọ̀ mọ́ báàgì rẹ̀. Mo máa ń na ọwọ́ sí i.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wá, ká jọ wọlé."