Sílíńdà Mi Nínú Ilé Ọkọ

Àbúrò ọkọ mi ni ó fẹ́ gba sílíńdà gáàsì lọ́wọ́ mi. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ẹbí wọn ní Ajégúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Ó ń fi apá aṣọ nu imú, èmi sì ń kúnlẹ̀ kí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Orí mi ti funfun tán báyìí, “ìyàwó” ni ó ṣì ń pè mí, “ìwọ” ni ó sì ń fi bá mi sọ̀rọ̀. N kò bá àṣà jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ bí a ti jẹ́ sí ara wa, kí n tó sọ ti gáàsì.

Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ gáàsì kan ní Àpápá, tí a ti ń wo ọgbà tánkì láti ojú fèrèsé, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà náà, ìjọba ni ó ń fi iye lé gáàsì, ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ni ó sì ń tà á. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà tí ó fi ń kun sílíńdà rẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ búlúù ni wàá máa lọ. Bí wọn kò bá ní gáàsì, kí o lọ dá igi. Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà tí a fi ń dá àwọn oníbàárà tí inú ń bí lóhùn. Ọ̀gá mi a fọwọ́ sí i bí ẹni pé òun ni ó ronú rẹ̀. Nígbà tí ipò rẹ̀ ṣófo, ọkùnrin tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi síbẹ̀. Wọ́n ní obìnrin tó ní ọkọ kò nílò ipò. Ọkọ náà kú. Ipò kò padà wá.

Wọ́n ti ṣí ọjà náà sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti gba àṣẹ lè tà, iye tó bá wù ú ni ó lè fi lé e, àwọ̀ sílíńdà kò sì já mọ́ nǹkan kan mọ́. Òfin tó kù ni pé kí olùtajà gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n lójú ẹni tó ń rà á, kí ó má sì rọ gáàsì sínú èyí tó ti gbó kọjá ìlò. Ìyókù di ọwọ́ oníbàárà. Béèrè iye, bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbé sílíńdà rẹ, kí o lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òmìnira tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kò ju ìyẹn lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ìyàwó ilé ṣe ń ṣe é. Èmi ni ìyáálé. Àwọn yòókù jẹ́ ìyàwó àwọn ọmọ ẹbí. Èyí á lọ sí ìsọ̀ tó wà ní ìkángun àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní kílò kan, kílò méjì. Èyí á gbé tirẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ lójú ọ̀nà Àpápá. Òmíràn á fún wọn ní òfìfo, á gba èyí tó kún, láìmọ̀ bóyá irin ni òun ń gbé lọ sílé tàbí gáàsì.

Akọ̀wé, tó di olórí ẹbí lẹ́yìn ikú ọkọ mi, wá mú oníṣòwò kan wọlé. Ọkùnrin náà to àwọn sílíńdà ńláńlá sí ẹ̀yìn ilé, ó fa páìpù wọ ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan, ó sì kan mítà mọ́ ògiri. Iye gáàsì tí o bá jó ni wàá san. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu páìpù náà. Ó mọ́, kò sì sí pé à ń gbé nǹkan wúwo kiri. Ohun tí mo rí sí i ni pé wọ́n ń kó sílíńdà gbogbo obìnrin tó wà nínú ilé lọ. Wọ́n ní ewu ni kó wà nílé. Kò sì sẹ́ni tó béèrè iye tí kílò kan jẹ́, nítorí Akọ̀wé dúró síbẹ̀, ìyàwó kì í sì í ná ọjà lọ́wọ́ ọkọ. Ohun tí ọkọ bá gbé wá, à á kúnlẹ̀ gbà á, à á dúpẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́.

Èmi wà ní ìpàdé àwọn opó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo ti ti ilé ìdáná mi kí n tó jáde. Nígbà tí mo dé, tèmi nìkan ni wọn kò tíì kó.

“Ìyàwó, kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná ẹ dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi, Akọ̀wé.”

“Mú un wá. Àwọn tó ń kó sílíńdà ń dúró dè ẹ́.”

“Ẹ ní kí wọ́n máa lọ. Oòrùn ń pa ọmọ ọlọ́mọ.”

Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín. “Màmá, nó wàhálà. Ẹ kàn máa yí i báyìí, ó ti jó nìyẹn.”

“Èló ni kílò kan?”

Ó wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo mítà.

“Ọ̀rọ̀ ilé ni,” ni Akọ̀wé wí. “Èmi àti ọ̀gbẹ́ni yìí ti sọ ọ́ tán.”

“Tó bá wá gbówó lórí ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni?”

“Ẹ máa san án ni, Màmá.”

Ó kéré tán, ó sọ òótọ́. Akọ̀wé ṣì na ọwọ́ sí mi. Bó ṣe na ọwọ́ náà gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tó wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé lọ́wọ́ mi, tí mo ṣì wà nínú aṣọ dúdú. Èmi àti ọkọ mi ni a jọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un lọ́jọ́ náà nítorí pé n kò ní agbára àríyànjiyàn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ yàrá lọ bọ́ bàtà mi.

Ó ránṣẹ́ sí mi pé sílíńdà nínú ilé lè jó gbogbo wa. Òótọ́ ni. Mo ní kí ẹnìkan tó ń jó irin ní ibùdókọ̀ Coconut ṣe àgò fún sílíńdà náà ní ìta, lẹ́yìn ògiri mi, mo sì fa rọ́bà gáàsì rẹ̀ wọlé. Akọ̀wé wo àgò náà títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣe, iye ti páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyàwó ọmọ Akọ̀wé fúnra rẹ̀ bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èló lẹ ra tiyín ní ọjọ́ yẹn?”

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí.

“Ṣé ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ lọ́nà Àpápá náà ni? Wọ́n ti wá dínwó?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

“Ẹ ò sì sọ fún wa.”

“Tí mo bá sọ ọ́, kí lo máa gbé lọ? Ìkòkò?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. “Màmá, ẹ gbà wá.”

“Nígbà tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ìyá ọkọ rẹ wà nínú yàrá, ó ń gbọ́. Ó ń kọrin ìyìn sí Ọlọ́run.”

“Mi ò tíì wọ ilé yìí nígbà yẹn, mà.”

“Mo mọ̀.”

N kò ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ẹbí, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo béèrè lójú gbogbo wọn pé èló ni kílò gáàsì kan nínú páìpù, ta ni ó sì ń fi iye lé e.

“Ìyàwó kì í ná ọjà lọ́wọ́ ọkọ,” ni Akọ̀wé wí. “O ti pẹ́ tó nílé yìí kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Akọ̀wé. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń tà á ni? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń tà á, mo tọrọ àforíjì. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, oníṣòwò kì í ṣe ọkọ mi.”

Akọ̀wé wo ojú wọn káàkiri. Bó bá ní òun kọ́ ni òun ń tà á, a lè ná an. Bó bá ní òun ni, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó yí i ká, tí wọ́n ń sanwó, á béèrè ibi tí èrè ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti gbójú sókè.

“Èmi kọ́,” ni ó wí nígbẹ̀yìn.

“Kí oníṣòwò dá sílíńdà àwọn obìnrin padà nígbà náà. Ẹni tí páìpù bá wù á máa bá páìpù lọ.”

Oníṣòwò kó sílíńdà wá. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe tiwa, àwọn mìíràn ti dípẹtà. Mo ka ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lọ́rùn, mo dá àwọn tó ti gbó padà, ó sì fi tuntun rọ́pò wọn. Nígbà tí sílíńdà dé ọwọ́ àwọn obìnrin, oníṣòwò lẹ iye mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, iye náà sì wálẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò kúrò lórí páìpù. Wọn kò ní ìdí láti kúrò mọ́.

Akọ̀wé kì í pè mí ní ohunkóhun mọ́. Ní oṣù tó kọjá, gáàsì inú páìpù dínwó ju ti ọ̀nà Àpápá lọ. Mo ka iye náà lára ògiri dáadáa, mo sì dúró de kẹ̀kẹ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá mi gbé sílíńdà sínú rẹ̀.

“Màmá, ti ilé mà dínwó díẹ̀ ju ibẹ̀ lọ.”

“Mo rí i.”

Mo wọ kẹ̀kẹ́. Kò sí òfin tó ní kí èèyàn ra èyí tó dínwó lọ́wọ́ ẹni tí òun kò fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀.