Òrùlé Ìyá Alágbàfọ̀

Bí o bá ń wá ilé Ìyá Alágbàfọ̀, òórùn ọṣẹ ni kí o tẹ̀ lé. Ẹ̀yìn ilé náà ni iṣẹ́ wà: báàfù mẹ́rin lórí pèpéle, okùn mẹ́fà tí ó nà láti ògiri dé ògiri, àti tábìlì gígùn kan lábẹ́ ìbòòji, níbi tí ó ti ń lọ aṣọ. Kì í kọ orúkọ sára aṣọ ẹnikẹ́ni. Òwú ni ó fi ń dá wọn mọ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ òwú tirẹ̀, tí Ìyá Alágbàfọ̀ máa ń gán sínú ọrùn aṣọ lójú kan péré: òwú pupa ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òwú àwọ̀ ewé ti apòògùn, òwú dúdú ti mẹkáníìkì tí òórùn epo kì í kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì gbé ṣòkòtò ẹnìkan fún ẹlòmíràn rí.

Òfin kan ṣoṣo ni ó ní: aṣọ tútù kò gbọdọ̀ wọ àpò. "Ẹ má ká a ní tútù o," ni yóò máa wí fún wọn. "Aṣọ tí ẹ bá ká pa mọ́ ní tútù, bíbu ni yóò bu. Tó bá sì ti bu, ọṣẹ ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́."

Alágbàfọ̀ a máa rí ohun tí dókítà kò rí. Ìyá Alágbàfọ̀ mọ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá lọ́pọ̀ jù. Ó mọ èyí tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ àwọn tí ọmú wọn ń sẹ̀ bí ọmọ kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Kì í sọ. Omi tútù, iyọ̀, ọṣẹ, oòrùn. Aṣọ á tún mọ́, ẹnu á sì dákẹ́.

Òun náà ní tirẹ̀. Ìtọ̀ kì í dúró lára rẹ̀.

Ìgbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rọbí. Àwọn àgbà tí wọ́n jókòó tì í ń sọ pé kí ó ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ń ṣe; ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ dé, ọmọ ké, ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọmọ náà ní Máyára, nítorí kò yára. Ìnagijẹ yẹn ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é di òní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá wúkọ́, á jò. Bí ó bá sín, á jò. Bí ó bá gbé garawa, tàbí tí ẹnìkan dá a lẹ́rìn-ín, á jò.

Ilé ìtàwé ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó wá ra ìwé sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, àga aláṣọ tí ó jókòó lé sì tú àṣírí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bú u. Ọ̀gá kàn gbé àga náà lọ sẹ́yìn ilé, kò sì wo ojú rẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ. Nígbà tí oṣù parí, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá iṣẹ́ tí yẹ̀rì tútù kì í ti í mú ìbéèrè wá. Ta ni yóò bi alágbàfọ̀ pé kí ló dé tí ara rẹ̀ tutù?

Àwọn àkísà tí ó ń fi sábẹ́, inú yàrá ni ó ń sá wọn sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí oòrùn kì í dé.

Ní ọjọ́ kan báyìí, fóònù dún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi búlúù. Máyára ni. Ìlú mìíràn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìrìn wákàtí márùn-ún nínú bọ́ọ̀sì.

"Màámi, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Mo ń bọ̀ náà, ọmọ mi."

"'Mo ń bọ̀ náà' tí ẹ ti ń wí láti oṣù tó kọjá nìyẹn. Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ló ń dá yín dúró gan-an?"

Wákàtí márùn-ún. Àga aláṣọ. Àjèjì lápá ọ̀tún, àjèjì lápá òsì. Òtítọ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Alágbàfọ̀ kí ó tó mọ̀.

"Máyára, mo ń jò."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ń jó? Ijó kẹ̀? Màámi, mo ní ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin ń jó!"

"Rárá o. Ilé... ilé ni mo wí. Ilé ló ń jò."

"Ilé ń jó! Yéè! Ẹ jáde! Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ sá jáde!"

"Ìwọ ọmọ yìí, kò sí iná! Òrùlé! Òrùlé ló ń jò, omi ń kán. N ò lè fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí n wá máa lọ sí ìrìn-àjò."

Bí irọ́ náà ṣe rí ibi jókòó nìyẹn. Máyára mí kanlẹ̀. "Òrùlé lásánlàsàn? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Káfíńtà dé, àkàbà léjìká, ìṣó lẹ́nu. Òun ni ó kan òrùlé náà ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"Ìyá Alágbàfọ̀! Òrùlé tí mo fọwọ́ ara mi kàn ni ẹ ní ó ń jò? Èmi tí mò ń gbé ní ilé kẹta sí yín, ẹnu ọmọ tó wà lókèèrè ni kí n ti gbọ́ ọ?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Díẹ̀ náà ni."

"Níbo ló ti ń kán?"

Ó nawọ́ sí igun kan tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé. Bàbá Káfíńtà gun òkè. Ó ń rìn lórí páànù bí ewúrẹ́ tó wọ bàtà, ó ń lu ìṣó kọ̀ọ̀kan wò. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ó da garawa mẹ́ta sórí òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ yàrá, ó gbójú sókè. Kò sí ẹ̀kán kan.

"Ìyá, ó ti tó oṣù kan ààbọ̀ tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn. Omi wo ló ń kán? Àbí ẹ ní ojú ọ̀run tiyín lọ́tọ̀ ni?"

Ẹ̀rín gbé Ìyá Alágbàfọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ̀rín gé. Ó lẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó di etí tábìlì mú, ó sì yí ojú sí ògiri.

Bàbá Káfíńtà rí i. Ìyàwó tirẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìṣó rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbójú sókè títí ó fi kó wọn tán.

"Ìyá," ó ní, "òrùlé yín ò jò. Ohun yòówù tó bá ń jò, kì í ṣe òòlù ló máa dí i. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀." Ó gbé àkàbà, ó lọ.

Ohun tí ó sọ fún Máyára lórí fóònù kò ju èyí lọ: "Òrùlé le koko."

Bí òrùlé bá le koko, a jẹ́ pé ìyá òun ni kò fẹ́ wá. Bí Máyára ṣe rò ó nìyẹn. Kò pe ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó lọ sí ilé ìwòsàn bí àwọn aláboyún ṣe ń lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tó máa ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú bẹ́ńṣì wọn, ọwọ́ nínú àpò aṣọ funfun.

"Ta ni kò lè wúkọ́ mọ́ nínú yín tí kò bá kọ́kọ́ lẹ ẹsẹ̀ mọ́ra?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá dìde, kí oníkálukú yẹ bẹ́ńṣì tirẹ̀ wò." Ẹ̀rín tún sọ. "Kò sí èébú níbẹ̀. Iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró ló ń dẹ̀ tí oyún bá wúwo lé e, tàbí tí ìrọbí bá pẹ́ jù. Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, á lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tí kò bá lọ lára rẹ̀, kó wá bá wa, ó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin! Ẹ ó gbé e pa mọ́. Ẹ ó pa iṣẹ́ tì, ẹ ó pa ìrìn-àjò tì, ẹ ó máa wá irọ́ tí ẹ ó pa."

Máyára nawọ́ sókè. "Tí ìrọbí bá tó ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́, Nọ́ọ̀sì?"

"Ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló rọbí ọjọ́ mẹ́ta?"

Máyára rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ayọ̀ ni kò jẹ́ kí ó jókòó. Ó rántí bí ó ṣe máa ń sá wọ yàrá nígbà tí ẹ̀rín bá dùn jù. Orúkọ ara rẹ̀ sì ń dún sí i létí: Máyára, Máyára.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ó ti pè é.

"Màámi, kì í ṣe òrùlé."

Omi nìkan ni ó ń ro.

"Ẹ ní ẹ ń jò lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo gbọ́ ijó."

"Máyára, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."

"Mo gbọ́. Èyí tí wọ́n bá ká pa mọ́ ní tútù ńkọ́? Kí lẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín?"

Ìyá Alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Màámi."

"Á bu," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Máyára bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ṣe yín báyìí. Èmi tí n ò yára."

Kì í ṣe ojú ayé ni Ìyá Alágbàfọ̀ ti ń sá fún láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gbólóhùn yìí ni.

"Pa ẹnu yẹn mọ́! Ṣé ọmọ inú ló ń wakọ̀ ni? Àwọn tó ní kí n ní sùúrù ló fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n gbé mi lọ lọ́jọ́ kìíní ni, Yárayára ni ǹ bá máa pè ọ́. Torí kí o má bàa rò bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́, ìwọ tí ẹkún kì í wọ́n lójú rẹ."

"Tí wọ́n bá wá ní kí èmi náà ní sùúrù ńkọ́?"

Ìyá Alágbàfọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. "Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi? Mo ń bọ̀. Ọ̀túnla."

"Bọ́ọ̀sì ńkọ́, Màámi?"

"Bọ́ọ̀sì á dúró."

Ó fi ọjọ́ kan lọ gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀, ó sì dá a padà fún àwọn tó ni ín, òwú pupa sọ́dọ̀ òwú pupa, dúdú sọ́dọ̀ dúdú. Ní ibùdókọ̀, ó lọ bá awakọ̀ níbi tí ó ti ń nu dígí. Awakọ̀ yìí ni àjèjì àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀.

"Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ kì í pẹ́ lára mi. Ẹ ó máa dúró fún mi lọ́nà."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, Ọlọ́run ló rán yín. Àtọ̀gbẹ ń bá mi fínra. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá èrò tí n ó fi ṣe àwáwí."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dúró. Nígbà kọ̀ọ̀kan awakọ̀ á ké pé, "Ẹ má bínú o, ìyá wa ló ní ká dúró!" òun náà á sì kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ gbà fún un. Nígbà tí ó di ìdúró kẹta, obìnrin mẹ́rin ni ó bá a sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi ẹnìkejì ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì àgbà yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì tí ó dé. Ó ní dókítà yóò tún rí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ fún ìsàlẹ̀ pọ̀, bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n tí awakọ̀ sì kọ̀ tí kò dúró. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ tú u sílẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tèmi dúró o."

"Ẹ ṣe bí ẹni pé kò dúró, Ìyá. Lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Mi ò ní kó tán pátápátá. Mo ní kó dín kù. Tí kò bá dín kù, ọ̀nà mìíràn wà."

Máyára bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó ní, "Ẹ ní sùúrù."

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde. "Sùúrù títí di aago mélòó, ọmọ mi? Sọ aago rẹ̀ fún mi, kí o sì sọ ohun tí ẹ ó ṣe tí aago náà bá lù."

Nọ́ọ̀sì àgbà ni ó wá sọ ọ́ fún un, kò sì bínú. Kò tilẹ̀ tó aago náà tí ọmọ tuntun kan, obìnrin, fi ké. Ìyá Alágbàfọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fún ìsàlẹ̀ pọ̀, ó ti ka ẹ̀wá ka ẹ̀wá títí ó fi gbàgbé láti tú u sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Máyára jáde sí fàráńdà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ìlédìí ọmọ kún orí okùn, oòrùn bò wọ́n, gbogbo àdúgbò sì ń rí wọn. Ó wò wọ́n dáadáa. Àwọn kan tóbi jù fún ọmọ ọlọ́sẹ̀ kan.

"Màámi, èwo ni tọmọ, èwo ni tiyín?"

"Wo òwú."

Ó sún mọ́ ọn. Òwú funfun wà létí ti ọmọ. Ti ìyá rẹ̀ ní òwú àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ tí kò fún oníbàárà kankan rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi nìkan ni mo wá gbẹ nínú ilé yìí."

Ìyá Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó jò díẹ̀. Kò sá wọlé. Ó di okùn aṣọ mú, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta.