Ẹnu Tó Mọ "A Dúpẹ́" Nìkan

Bí ilé bá ń jó lé Wàsílátù lórí, tí ẹ sì kí i pé ṣé dáadáa ni, "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni yóò kọ́kọ́ dá yín lóhùn kó tó wá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ní Ìwó. Ìyá tó bí i lọ́mọ kìlọ̀ fún un láti kékeré pé ọmọlúàbí kì í fi àìsàn dáhùn kíkí, pé ẹni tó bá ń pe àìsàn lórúkọ, àìsàn yóò dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì bá a dé Èkó.

Òkè-Àfá ló ń gbé, nínú yàrá kan tó háyà, iwájú ilé náà ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìrọ̀rí. Yóò ra àjákù fóòmù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga ní Èjìgbò, yóò já a sí wẹ́wẹ́, yóò kì í sínú àpò tó ti rán sílẹ̀, yóò sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Ìrọ̀rí rẹ̀ dára, orí a máa sùn lórí rẹ̀. Eruku fóòmù yẹn nìkan ni kò dára. Ó ti pẹ́ tí imú Wàsílátù ti dí. Àwọn ará ilé ń pè é ní ọ̀fìnkìn, òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀fìnkìn wo ló ń bá èèyàn jà láti ìgbà tí Sirajudeen ọmọ rẹ̀ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi títí ọmọ náà fi lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn? Iwájú orí a máa fọ́ ọ, ikun a máa ṣàn gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, àyà rẹ̀ a máa dún fíì-fíì. Òórùn ti kúrò láyé rẹ̀ pátápátá. Ẹja díndín, ọṣẹ, omi gọ́tà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ilé ìwòsàn kan wà ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí irú imú bẹ́ẹ̀. Nimotallahi, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Wàsílátù, ló kọ́kọ́ wọ inú ìwádìí náà nítorí imú tirẹ̀ tó máa ń yún un, òun ló sì fa Wàsílátù lọ́wọ́ débẹ̀. Dókítà Olúsànyà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ló ṣàlàyé fún wọn. Oògùn tí wọn yóò máa fín sí ihò imú ni. Gbogbo wọn ni yóò fi èyí tí agbára rẹ̀ kéré bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sístà Morọ́lá yóò máa pè wọ́n lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Ẹni tí kò bá rí ìyàtọ̀, wọn yóò gbé e sórí oògùn tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún wa," ni dókítà wí. "Èyí tí kò ṣiṣẹ́ wúlò fún wa bí èyí tó ṣiṣẹ́."

Wàsílátù mi orí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ta ló máa se ọbẹ̀ fún èèyàn, tí inú rẹ̀ á dùn láti gbọ́ pé ọbẹ̀ òun kò dùn?

Fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ Èkìtì ni Sístà Morọ́lá, ohùn rẹ̀ a sì máa dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

"Ìyá Sirajudeen, ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé ara le? Imú ńkọ́?"

"A dúpẹ́ o, Sístà. Ó ti ń lọ sílẹ̀."

"Ògo ni f'Ọ́lọ́run! Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó ti bẹ́tà?"

"Ó ti bẹ́tà, lágbára Ọlọ́run. Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Ọwọ́ kan ló fi di fóònù mú lọ́jọ́ náà, èkejì ló fi ń nu ikun. Ẹnu ló fi ń mí. Ẹ má tíì pè é ní òpùrọ́ o. Wàsílátù kò jalè rí, kò sì ki àkísà sínú ìrọ̀rí oníbàárà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀rín kí èèyàn, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ da àìsàn lé e lórí? Ó sì tún rò ó pé bí òun bá ń sọ pé ó ti sàn, bóyá yóò gbọ́, yóò sì sàn.

Kò gbọ́. Ọyẹ́ dé, nǹkan sì burú sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀wà kaná ní kíṣìnì tí gbogbo ará ilé jọ ń lò, ó wá jókòó ti fóòmù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí Nimotallahi fi pariwo jáde.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀wà yín ti jóná! Ẹ ò gbọ́ òórùn ni? Gbogbo ilé ti kún!"

Wàsílátù yíjú, ó sì rí èéfín tó ń rú bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ló fi mọ̀. Fóòmù ló sì jókòó tì yìí, fóòmù tí iná kì í rí kó fi sílẹ̀. Ó sáré gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó sì ń ha ìdí rẹ̀. Ká ní Nimotallahi kò sí nílé ńkọ́? Ká ní òun ti sùn lọ ńkọ́? Èéfín náà wọ̀ ọ́ láyà, ikọ́ sì gbé e títí ó fi di ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ fún Sístà nígbà tó pè?" Nimotallahi bi í.

"Mo ní a dúpẹ́."

"Háà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa tẹ́ẹ̀sì yín o. Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn inú ìgò. Èmi ti ṣe tèmi."

Wàsílátù dìde dúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, Ọjọ́bọ̀ sì ti dé tán. "Wọ́n á lé mi dànù, Nimọ́tà. Wọ́n á gba oògùn wọn. Sístà yẹn á ní mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

Nimotallahi fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, ọgbọ́n ni kò tó ìfẹ́ náà. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Ọsàn ló wà nínú àkọ́kọ́. Kẹrosíìnì ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹja gbígbẹ, kọfí ló kẹ́yìn. Ẹ ṣáà há a sórí."

Wàsílátù bá há a sórí bí ọmọ ilé kéwú. Bó bá ń ki ìrọ̀rí, yóò máa kà á: ọsàn, kẹrosíìnì, ẹja gbígbẹ, kọfí. Àyà rẹ̀ ń súfèé, ó ń kà á. Ó mú fóònù láti pe Sístà Morọ́lá, ó wo orúkọ rẹ̀ títí, ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀. Kí ló máa sọ? Pé kíkí tí wọ́n kí òun, irọ́ ni òun fi dá wọn lóhùn? Ìtìjú náà tóbi lójú rẹ̀ ju àìsàn lọ, ìyẹn ló sì fẹ́ pa á.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìsọlọ̀. Eruku ọ̀nà kò ṣàánú rẹ̀. Láti géètì ilé ìwòsàn dé inú, ó ní láti dúró fara ti ògiri kó lè rí èémí mí. Àwọn èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá, kálukú pẹ̀lú áńkáṣíìfù tirẹ̀. Sístà Morọ́lá rí i, ó sì la ọwọ́ sí i.

"Màmá wa tó ti bẹ́tà! Ẹ wọlé, mà."

Ó ń ṣe Wàsílátù bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó jókòó. Sístà ṣí ìgò àkọ́kọ́, ó gbé e sí i nímú.

"Ọsàn ni," Wàsílátù wí kíá, kó tó fa èémí rárá.

Sístà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣí èkejì.

"Kẹrosíìnì."

Ìgò kẹta dé. "Ẹja gbígbẹ."

Sístà wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ tún un gbọ́, mà."

Wàsílátù ti imú bọ ẹnu ìgò náà bí ẹni tó fẹ́ bá wọn gbé inú rẹ̀. "Ẹja ni, Sístà. Ó tiẹ̀ jọ ẹja àrọ̀."

"Mà," Sístà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "omi lásán ló wà nínú èyí. A kì í to ìgò bákan náà fún ẹni méjì."

Ara Wàsílátù tutù wọ̀ọ̀. Sístà na ọ̀pá oníhò kan sí i pé kó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, kí wọ́n fi wọn èémí rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn kò jáde. Ó tún fẹ́ ẹ, ikọ́ sì gbé e, ó dì í láyà, kò jẹ́ kó fa òmíràn wọlé. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó gbọ́ tí Sístà ń ké pe dókítà. Ẹ̀rù ikú bà á, ẹ̀rù tòótọ́, ó sì rántí pé òun kò tíì pe Sirajudeen láti àárọ̀.

Wọ́n fi ìbòmú kan tí oògùn ń rú jáde nínú rẹ̀ bí ìkùukùu bo imú àti ẹnu rẹ̀. Ó pẹ́ kí àyà rẹ̀ tó ti dì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Dókítà Olúsànyà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìgbà wo ló ti rí báyìí, Ìyá?"

"Ṣùgbọ́n ó ti bẹ́tà, sà," Sístà Morọ́lá wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Wàsílátù ṣí ìbòmú náà díẹ̀. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Kò sàn rí, Sístà. Ẹ má bínú. Ẹ kí mi ni, mo sì dáhùn kíkí."

Dókítà dá ìbòmú náà padà sí i lẹ́nu. "Ó ti pẹ́ tó yẹ ká ti gbé yín sórí oògùn tó lágbára," ó wí.

"Ṣé ẹ máa lé mi?"

"Ta ló fẹ́ lé yín? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú yín. Ìwádìí lè dúró."

Sístà Morọ́lá kò tẹ̀ lé wọn nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ojú ilẹ̀kùn ló ń wò, níbi tí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wà. Ọmọ Yorùbá lòun náà, òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn kíkí.

"Sà," ó wí, "gbogbo wọn ló ń dúpẹ́ fún mi."

Ó jáde lọ. Bàbá Abórìṣàdé ló jókòó ṣíwájú, àgbàlagbà kan láti Apakun, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, áńkáṣíìfù rẹ̀ ti rin gbingbin.

"Bàbá, imú yín ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le."

Wàsílátù gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó fa ìbòmú kúrò lẹ́nu, ó sì fi èémí kékeré tó ṣẹ́ kù fún un pariwo. "Bàbá! Ẹ má tíì dúpẹ́! Ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Bàbá Abórìṣàdé wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Sístà, ó sì wolẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "mi ò rí èémí mí."