Orúnkún Ni Mo Gbé Wá

Ìyá mi ń gbé ní Akínmọ̀rìn, èmi ń gbé ní Fìdítì, ọ̀kadà ló so wá pọ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àkókò yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra gan-an. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Ní ìlú wa, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì tí kò sanra, wọ́n á máa bi í léèrè pé ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn tó bá pàdé mi á ní, "Tíṣà, ìsinmi yìí mà bá yín lára mu o," èmi náà á sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gbégbá orókè.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún mi, láì la ẹnu. Èrò méjì ló máa ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ti jókòó tán, á wo àyè tó kù lẹ́yìn mi, á sì juwọ́ sí ẹni kejì pé kó dúró de ẹlòmíràn.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kì í fi ìkíni ṣeré. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà ti di ìyá àgbà. Ní Sátidé kan tí orúnkún ń dùn mí, mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Dúró ná," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ rẹ dà? Ṣé ìjọba gbà á pẹ̀lú iṣẹ́ ni?"

Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀. Kíkúnlẹ̀ kò le, dídìde ni kò ṣeé ṣe. Mo gbìyànjú lápá ọ̀tún, mo gbìyànjú lápá òsì. Aládùúgbò kan fẹ́ wá gbé mi, ìyá mi ní kó fi mí sílẹ̀, ó ní mo ṣì ń kí òun lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn, aládùúgbò náà àti ọlọ́kadà ló gbé mi dìde, ẹnì kan lápá kan. Ìyá mi wò wá títí wọ́n fi ṣe tán.

"Ṣé bí wọ́n ṣe máa gbé ọ nílẹ̀ nìyí níjọ́ ìsìnkú mi?"

Mo pinnu lójú ọ̀nà pé kí ìyá mi tó kú, màá kúnlẹ̀ fún un, màá sì dìde fúnra mi.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa. Nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Mo ní kó fún mi ní òògùn ìfipara. Kò tilẹ̀ wo orúnkún náà, orí òṣùwọ̀n ló ní kí n gùn.

"Orúnkún ni mo gbé wá o," mo ní.

"Mo rí i, Mà. Ohun tí orúnkún náà ń gbé ni mo fẹ́ mọ̀."

Mo bọ́ bàtà, mo tú gèlè, mo yọ aago ọwọ́, mo gbé fóònù sílẹ̀. Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ní kí n yọ yẹtí náà, bóyá òun ló wúwo. Òṣùwọ̀n kò ṣojúsàájú. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti gòkè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní ìka mi, ṣúgà náà ń rọra tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, ó fi sùúrù sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Ó ní sísanra tó bá ti dé ibi tí tèmi dé, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru. A kì í wò ó lẹ́ẹ̀kan kó lọ pátápátá. Ó ní kí n máa wá lóṣooṣù, kí n máa rìn, kí n sì máa kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu mi sínú ìwé.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Mà. Ẹ rántí pé torí ẹ̀pà mẹ́ta péré tí mo jẹ ní kíláàsì lẹ ṣe ní kí n dúró lórí ìjókòó títí agogo fi lù."

"Márùn-ún ni," mo ní. Ó yẹ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìwé kíkọ kì í ṣe ìṣòro fún mi. Mo fi rúlà fa ìlà: ọjọ́, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Mo dín òkèlè kù, mo dín òróró kù, mo sì ń kọ ọ́. Nígbà tí oṣù pé, mo gbé ìwé náà lọ tìgbéraga-tìgbéraga. Mo gun òṣùwọ̀n. Mo ti wúwo sí i.

Nọ́ọ̀sì ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìwé yìí mọ́ tónítóní, Mà. Ọsàn dà?"

"Ọsàn wo?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé ní Fìdítì tí ẹ kì í fẹnu kan èso?"

"Èso kì í ṣe oúnjẹ," mo ní. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa má dá mi lẹ́bi. Àwọn arìnrìn-àjò ló ń dúró ra èso lójú títì wa bí ohun iyebíye. Lójú tiwa, ohun tí à ń fi sẹ́nu nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ ni. Alàájà tí ilé rẹ̀ kan tèmi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó tì í, èyí tí kò bá ní í di ọ̀la, a jọ ń bá a yanjú ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n ka ti àná fún òun. Ó jẹ́ odindi ọwọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ààbọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti ọsàn tí mi ò mọ iye rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tí mo ti fàlà sí nídìí. Ó ní èso dára, ṣùgbọ́n kí n mú ẹyọ kan, kí n sì kọ ọ́. Ó wá mú bírò pupa, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé náà pé: Tún un ṣe. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ.

Mo tún un ṣe. Mo ń rìn láràárọ̀ láti ilé dé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, aṣọ ti ń tóbi jù mí. Ìgbà yẹn ni wàhálà dé, torí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. "Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan?" Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń bi mí. Alàájà kò bi mí rárá. Ó ṣe sàárà nítorí mi. Ó pe àwọn àfáà, wọ́n ṣàdúà kí Ọlọ́run dá ara mi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì gbé abọ́ ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi lójú gbogbo wọn. Ta ló ń kọ oúnjẹ sàárà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe? Mo jẹ ẹ́ tán. Àwọn mìíràn gbọ́, àwọn náà gbé abọ́ tiwọn wá. Kí oṣù méjì tó pé, àdúà àwọn àfáà ti gbà.

Mi ò lè padà sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà lọ sọ́jà, bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì bá mi nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo fi í sẹ́yìn.

"Kí ló wà lẹ́yìn yín, Mà?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó jókòó. "Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tó bá tún ru, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sáré wá. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń sá? Àìsàn ni mo pè é, mi ò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ó máa ń padà wá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa wá lóṣooṣù nìyẹn."

Mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bọ́ síwájú. "Ẹyọ kan ni."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní.

Nígbà tó ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ Alàájà. Alàájà bi í bóyá àìsàn wà lára mi lóòótọ́.

"Ó wà, Alàájà. Èyí tí ẹ ṣàdúà pé kó padà wá nìyẹn."

"Tíṣà ni kò là wá lóye," Alàájà ní. Láti ọjọ́ náà, ọsàn kan ló ń fún mi, á sì kà á sókè lójú àwọn oníbàárà: "Ọ̀kan, Tíṣà. Ó tán."

Ó gbà mí tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí ara mi tó fúyẹ́. Ní Sátidé kan, mo gun ọ̀kadà, ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ sún síwájú díẹ̀, Màmá," ó sì gbé obìnrin kan lé ẹ̀yìn mi. Obìnrin náà fún mi mọ́ra títí dé Akínmọ̀rìn. Mi ò ráhùn.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá mi, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Mo fọwọ́ lé itan, mo dìde. Ẹnikẹ́ni kò fà mí. Ìyá mi na ọwọ́, ó di apá mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló ń febi pa ọ́?"

"Kò sẹ́ni kankan, Ìyá. Ṣé ẹ rí i pé mo dìde fúnra mi?"

"Mi ò rí i dáadáa. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo fi ìka méjì kan férémù ilẹ̀kùn. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, torí nọ́ọ̀sì máa bi mí.